Mẹ́fà Ló Jáde, Mẹ́fà Ni Yóò Padà

Àtìní, 3 Oṣù Kọkànlá, 1986. Ìjerò.

Ọ̀gá Ọlájídé ló fún mi ní ìwé yìí. Òun ló ń darí fíìmù Sájẹ́ntì Wòye, ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n fẹ́ yà fún tẹlifíṣọ̀n. Méjì àkọ́kọ́, ta ni kò wò ó? Àwọn tí kò ní tẹlifíṣọ̀n gan-an ń yọjú lójú fèrèsé onílé. Èyí tó kàn yìí, apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti fẹ́ yà á: Ìjerò, Arámọkọ, títí dé orí òkè Ẹ̀fọ̀n. Èmi ni n ó rán aṣọ ọlọ́pàá. Ó ní kí n máa kọ bí oníkálukú ṣe wọ aṣọ rẹ̀ lójoojúmọ́, bọ́tìnnì tó ṣí, ọwọ́ aṣọ tó ká, nítorí ohun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, wọ́n lè parí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò mọ bí a ṣe ń dákẹ́, ọwọ́ mi náà ò sì mọ̀ ọ́n. Tí mo bá kọ ti bọ́tìnnì tán, n ó kọ tèmi sí i.

Aṣọ mẹ́fà ni. Kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ, mo ní láti lọ fọwọ́ sí ìwé ní tésàn, níwájú Inípẹ́kítọ̀ Adébùsọ́lá. Ọkùnrin náà kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Ó ní àwọn adigunjalè ń wá aṣọ ọlọ́pàá lójú méjèèjì. Ó ní tí mo bá rán an tán, kí n kó o wá kí òun lu òǹtẹ̀ tésàn sínú ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé lọ́jọ́ tí fíìmù bá parí, níwájú òun ni a ó ti sun ún.

"Mẹ́fà ló jáde, ìyáàfin," ó ní. "Mẹ́fà ni yóò padà."

Mo fọwọ́ sí i. Rùkáyàt Rájí, aránṣọ.

Jímọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá.

Mo rán an tán, wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀. Rájí ọkọ mi ti Ìbàdàn dé, ó rí aṣọ dúdú mẹ́fà lórí okùn lẹ́yìnkùlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ padà. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn ẹ̀rín ó ní òun ò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ó ní kí n rántí pé àlejò ni wá níhìn-ín, Ìkìrun ni a ti wá. Tí nǹkan bá sọnù nílùú, ilé àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Mo ní ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe àlejò mọ́. Ó ní kí n lọ bi àwọn onílùú.

Ìyá Wọlé ló ni okùn tí mo sá aṣọ sí. Òun ni onílé wa, ilé tirẹ̀ ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Òun ló gbẹ̀bí Títílayọ̀ ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ tí Rájí wà lọ́nà Ìbàdàn. Wọlé ọmọ rẹ̀, tíṣà ni; òun ni wọ́n mú fún Kọ́ńsítébù tí wọ́n máa yìnbọn pa, tí Sájẹ́ntì Wòye máa wá apani rẹ̀ kiri títí fíìmù á fi parí. Inú Wọlé ń dùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jọba. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ìyá òun pé kíkú ni òun fẹ́ lọ kú. Mo mọ ìdí. Òun nìkan ló ṣẹ́kù fún un. Olúṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bá mọ́tò lọ lọ́nà Erio lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Àlàrùbá, 12 Oṣù Kọkànlá.

Òkè Ẹ̀fọ̀n, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Òjò tó yẹ kó ti lọ tún rọ̀ lójijì, gbogbo wa sá sábẹ́ tapólì.

Wọlé: bọ́tìnnì òkè ṣí. Ọwọ́ ọ̀tún ká lẹ́ẹ̀mejì. Okùn bàtà òsì tú.

Ìyá Wọlé bá wa lọ. Ẹni tó sọ fún un, n kò mọ̀. Níwájú ọkọ̀ ni a bá a láàárọ̀, ó gbé iṣu sísun lé ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti ní kó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n mú un jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi. Ọ̀gá Ọlájídé fi sìgá jó ihò sí àyà aṣọ Wọlé, wọ́n po omi osùn mọ́ epo, wọ́n dà á sí i. Wọ́n yin bángà ọdún Kérésì fún ìró ìbọn. Wọlé ṣubú. Ọ̀gá ní kò dáa tó, kó tún ṣubú. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, bọ́tìnnì kejì láti òkè já, ó fò wọ inú igbó. Dúdú ti tán nínú agolo mi. Mo rán èyí tó ní àwọ̀ obì gbígbẹ síbẹ̀. Ta ló máa rí i? Tẹlifíṣọ̀n ọ̀pọ̀ ènìyàn ò kúkú ní àwọ̀.

Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá dìde. Kò pariwo. Ó rìn lọ síbi tí ọmọ rẹ̀ nà sí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu osùn kúrò lágbọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá Ọlájídé ń ké pé ó ti wọnú àwòrán.

Nínú ọkọ̀, ó bi mí níbo ni aṣọ yìí ń lọ. Mo ní inú àpótí mi ni, a ò sì gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n ṣì máa lò ó níbi tí Sájẹ́ntì Wòye ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, nínú ulé? Bí àwọn ará ibí ṣe ń pe ilé nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú ilé. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ìjerò. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Osùn náà ṣì tutù, mo sá aṣọ àti ṣòkòtò sórí okùn.

Jímọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá.

Márùn-ún.

Mo kà á láti iwájú, márùn-ún. Mo kà á láti ẹ̀yìn, márùn-ún. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi òkúta kọ̀ọ̀kan lé wọn lórí bí ọmọ iléèwé, òkúta kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Aṣọ Wọlé kò sí lórí okùn. Lánàá kò tíì gbẹ, mo fi sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí okùn ń fì lásán.

Mo wo inú kànga. Mo lé ewúrẹ́ títí dé ọ̀nà ọjà, bóyá òun ló gbé e. Mo bi Ìyá Wọlé bóyá ó rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìnkùlé. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò gbójú sókè. Ó ní oko ni òun wà látàná.

Rájí ti padà sí Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tí mo sọ fún. Ẹ̀yin tó mọ orúkọ Ọlọ́run, ẹ bá mi pè é.

Sátidé, 15 Oṣù Kọkànlá.

Kò sí.

Àtìní, 17 Oṣù Kọkànlá.

Wọ́n ti ja àwọn tó ń ra kòkó lólè lọ́nà Ìkòrò. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ló sọ fún mi. Akọ̀wé wọn, Bọ́lárìnwá, àti dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ń gbé owó kòkó lọ láàárọ̀. Ọlọ́pàá kan dúró lójú ọ̀nà, ó nawọ́ sí wọn, wọ́n dúró. Ta ni kò ní dúró fún ọlọ́pàá? Àwọn méjì mìíràn jáde látinú igbó. Wọ́n yìnbọn fún Bọ́lárìnwá nítan, wọ́n gbé àpò lọ. Ó wà ní ọsibítù, kò tíì kú.

N kò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo bi obìnrin náà bóyá ihò wà láyà aṣọ ọlọ́pàá náà.

Ó wò mí. "Ihò wo?"

Mo ní kò sí, mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Mo ra ẹ̀kọ tí n kò fẹ́.

Òǹtẹ̀ tésàn Ìjerò wà nínú ọrùn aṣọ yẹn. Òwú mi ló wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ mi. Tí wọ́n bá mú ẹni tó wọ̀ ọ́, wọn ò ní bi í ta ló rán an, wọ́n ti mọ̀. Adigunjalè ni wọ́n ń so mọ́ igi, tí wọ́n ń yìnbọn pa, ẹni tó bá sì pèsè aṣọ fún wọn, irú wọn náà ni. Tẹlifíṣọ̀n tó ń fi Sájẹ́ntì Wòye hàn náà ló ń fi ìyẹn hàn.

Àtàláátà, 18 Oṣù Kọkànlá.

Inípẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kí mi, ó kí Títílayọ̀, ó béèrè bí fíìmù ṣe ń lọ. Abẹ́rẹ́ kan wà nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n ṣọ́ra kó má gún ọmọ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ní Sátidé, aago mẹ́wàá, kí n kó aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá kí òun kà á. Ó ní ó tì o, kò sí wàhálà, kíkà lásán ni.

Nígbà tó lọ, mo wo abẹ́ tábìlì. Aṣọ dúdú ṣẹ́ kù níbẹ̀, yáàdì mẹ́ta ó lé díẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń rò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gé e.

Àlàmísì, 20 Oṣù Kọkànlá.

Mo ti rán ìkeje. Ọjọ́ méjì, n kò jẹ, n kò sùn dáadáa, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá níta, ti Inípẹ́kítọ̀ ni létí mi. Mo fi sìgá jó ihò sí i láyà, ibi tí ti àkọ́kọ́ wà gan-an. Mo da osùn sí i. Mo rán bọ́tìnnì aláwọ̀ obì sí i ní ipò kejì. Mo gbé e sókè, mo ní Rùkáyàt, ọwọ́ rẹ ò ní rọ.

Mo yí ọrùn rẹ̀ padà láti fi wé ti àwọn yòókù. Òǹtẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Òǹtẹ̀! Inípẹ́kítọ̀ lù ú lójú mi. Èmi náà ni mo di ọrùn aṣọ mú fún un. Ẹ̀rù ti kó gbogbo ọgbọ́n orí mi lọ. Èmi tí mo máa ń bá Sájẹ́ntì Wòye mú olè kí òun náà tó mú un, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Tẹ́lẹ̀, aṣọ kan ló sọnù lọ́wọ́ mi. Nísinsìnyí, ọ̀kan sọnù, mo sì tún ní ọ̀kan tí ìjọba ò mọ̀. Aṣọ ọlọ́pàá tí kò ní òǹtẹ̀, lábẹ́ ibùsùn mi. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, koko ló ń le sí i.

Jímọ̀, 21 Oṣù Kọkànlá.

Mo ní láti kọ ti òní dáadáa, nítorí n kò mọ̀ bóyá n ó tún ráyè kọ.

Láàárọ̀, wọ́n yẹ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ méjì wò lọ́nà ọjà. Mo gbọ́, mo sáré di ìkeje sínú ìró mi kan, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Ìyá Wọlé. Oko rẹ̀ wà lódìkejì odò, kì í sẹ́ni tó ń débẹ̀. Mo rò pé tí mo bá bẹ̀ ẹ́ kó bá mi bo nǹkan mọ́lẹ̀, kò ní bi mí léèrè ohunkóhun. Mo pọn Títílayọ̀ sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀, mo tú ìró náà.

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Ta ló hú u?"

Mo ní, ta ló hú kí ni.

"Mo ti sin ín," ó ní. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi sin ín. Ta ló hú u, Rùkáyàt?"

Orí mi kọ́kọ́ fò lọ. Nígbà tó padà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí Olúṣẹ́gun kú, wọ́n kó ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ náà fún un láti ọsibítù. Àwọn àgbà ilé wọn ní kó lọ bò ó mọ́lẹ̀ lóko, aṣọ tí ènìyàn fi kú kì í wọlé. Kò lè ṣe é. Ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ ni. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, bàbá Wọlé kú. Ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun mọ̀. Nísinsìnyí ó tún rí Wọlé tó kú lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì ní inú ilé ni aṣọ náà ń bọ̀. Ó gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tòun ti gbòǹgbò, ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ àti ṣòkòtò, ó sin ín. Ó sọ fún ikú pé Kọ́ńsítébù rẹ̀ rè é, kó máa gbé e lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ ká lọ hú u. Mo sọ ti ìwé tí mo fọwọ́ sí, mo sọ ti ọ̀la aago mẹ́wàá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Tí mo bá hú u," ó ní, "tí ukú bá wá mú Wọlé, ta lo máa fún mi?"

Títílayọ̀ ń mí lẹ́yìn mi.

Inú bí mi. N ó kọ ọ́ bó ṣe rí: inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí, ìyá tó gbẹ̀bí ọmọ mi. Èmi ni wọ́n máa so mọ́ igi, kì í ṣe igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo dìde, mo jáde. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé mo gbàgbé ìkeje sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá Ọlájídé yà lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́, láti Arámọkọ níbi tí wọ́n wọ̀ sí. Mo sọ fún un pé aṣọ kan sọnù, n kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà nínú ìwé, kì í ṣe tòun.

Mo lè sọ fún Inípẹ́kítọ̀. Gbólóhùn kan ni, wọ́n á lọ fi tipátipá hú u. Ara mi ò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ara mi ò gba ìbọn.

Sátidé, 22 Oṣù Kọkànlá.

Rájí dé ní ìdájí. Mo sọ fún un. Kò bínú, kò ní ṣebí mo sọ. Ó kàn gba Títílayọ̀ lẹ́yìn mi, ó sì jókòó. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sunkún.

Aago mẹ́wàá, mo gbé aṣọ márùn-ún sínú báàfù, mo lọ. Ọ̀gá Ọlájídé wà níbẹ̀, kò wò mí lójú. Inípẹ́kítọ̀ tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó ń yí ọrùn wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìkarùn-ún, ó na ọwọ́ sínú báàfù, ó bá a lófìfo.

"Ìkẹfà dà, ìyáàfin?"

Mo la ẹnu. Mo fi Ọlọ́run búra, títí di báyìí n kò mọ ohun tí n bá sọ. Ariwo bẹ́ sílẹ̀ níta. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni Wọlé, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé Màámi, ẹ bọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Wọlé wọlé. Ó wọ aṣọ náà. Lórí ìró rẹ̀, aṣọ Kọ́ńsítébù, tòun ti erùpẹ̀ oko, tòun ti osùn, ihò láyà. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ lé apá. Láti òdìkejì odò ló ti wọ̀ ọ́ bọ̀, ó gba àárín ọjà kọjá. Erùpẹ̀ wà lábẹ́ gbogbo èékánná rẹ̀.

Ó ní òun ni òun mú un, kí wọ́n fi ọmọ Ìkìrun sílẹ̀. Inípẹ́kítọ̀ ní kó ṣàlàyé. Kò ṣàlàyé fún un. Ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà, síbi tí kò sẹ́nì kankan, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ukú tó bá ń wá ẹni tó wọ aṣọ yìí, kó wò mí dáadáa. Èmi ni mo wọ̀ ọ́. Kì í ṣe Wọlé."

Wọlé gbé ojú sí ògiri. Inípẹ́kítọ̀ dìde, ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó rọra yí ọrùn aṣọ náà bí ẹni ń yẹ ọrùn ìyá ara rẹ̀ wò. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gba ìwé mi yìí, tí mo máa ń mú dání níbi tí aṣọ bá lọ, ó ka ti òkè Ẹ̀fọ̀n, ó fi ìka kan bọ́tìnnì aláwọ̀ obì. Ìgbà tó ń ka ìwé, ìka rẹ̀ ku ojú ewé kan péré kó kan ibi tí mo kọ ti ìkeje sí. Ó pa ìwé dé, ó dá a padà fún mi.

"Ó pé mẹ́fà," ó ní.

Ó ní òfin ni kí òun kọ orúkọ ẹni tó mú un. Ó bi í. Dorcas Ọmọ́tọ́lá Mákindé, ló wí. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ilé rẹ̀, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orúkọ rẹ̀. Inípẹ́kítọ̀ bá a wí díẹ̀, ó ní kó máa lọ. Kò bọ́ aṣọ náà àfi ìgbà tí ọkùnrin náà ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀ ọ́ mọ́, orí tábìlì nìkan ni wọ́n ti máa yà á.

A jọ ń rìn lọ sílé ni mo rọra bi í léèrè ìkeje. Ó ní òun ti wọ̀ ọ́ fún igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun sì ti bò ó padà. Ilẹ̀ tí òun ṣí, òun ò lè fi sílẹ̀ lófìfo. Mo ní kí ló wá dé tó tún fi wọ ti àkọ́kọ́ sára. Ó ní tuntun ni ìkeje, kò sẹ́ni tó kú nínú rẹ̀. Bí ikú bá kọ̀ ọ́, tó padà wá wá ògbólógbòó, ara òun ni kó ti bá a. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí iṣu jẹ́.

Àtàláátà, 25 Oṣù Kọkànlá.

Wọ́n mú àwọn olè náà nítòsí Arámọkọ. Aṣọ ṣọ́jà àtijọ́ ni wọ́n pa láró dúdú. Ẹsẹ̀ Bọ́lárìnwá ń jinná. Gbogbo ẹ̀rù yẹn, lórí aṣọ tí n kò tilẹ̀ rán!

Wọ́n ya ibi tí Sájẹ́ntì Wòye ti ń yẹ aṣọ Kọ́ńsítébù wò. Ọ̀gá Ọlájídé rí erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró, ó jókòó tán, ó yí ìtàn padà: apani ti bo aṣọ mọ́lẹ̀ lóko, erùpẹ̀ ni Sájẹ́ntì fi máa mọ oko ta ni. Ó ní ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò tíì gbàgbé pé orúkọ mi ló wà nínú ìwé, kì í ṣe tirẹ̀.

Sátidé, 6 Oṣù Kejìlá.

A sun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́yìn tésàn. Ọyẹ́ ti dé, iná náà jó kíákíá. Ìyá dúró títí eérú fi tutù. Bí mo ṣe ń lọ, Inípẹ́kítọ̀ pè mí padà, ó béèrè aṣọ dúdú tó ṣẹ́ kù. Mo ní mo ti gé e sí inú àpò ṣòkòtò àwọn ènìyàn. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n kí ọkọ mi.

Àtìní, 12 Oṣù Kìíní, 1987.

Ara Ìyá ń gbóná. Kò jẹun látàná. Wọlé ti lọ pe nọ́ọ̀sì. Mo jókòó tì í, gbogbo ìgbà tó bá wúkọ́, aṣọ yẹn ni mò ń rí lára rẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, kò yẹ kí n gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mò ń bẹ̀rù rẹ̀ gan-an.

Àtàláátà, 13 Oṣù Kìíní.

Ó pe Olúṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mejì lójú oorun.

Àlàmísì, 15 Oṣù Kìíní.

Ó mu ògì. Ó ní ṣúgà mi ti pọ̀ jù, pé àwọn ará Ọ̀ṣun ò mọ oúnjẹ sè. Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo sunkún bí ọmọdé. Mo padà wọlé, mo sì bá a jà lórí ọ̀rọ̀ ṣúgà.

Jímọ̀, 27 Oṣù Kejì, 1987.

Wọ́n fi hàn lónìí. Pálọ̀ Ìyá kún dé ẹnu ọ̀nà, Wọlé lọ yá jẹnẹrétọ̀ nítorí iná tí kò ṣe é gbọ́kàn lé. Èmi, Rájí àti Títílayọ̀ jókòó lórí ẹní. Ìyá wà lórí àga, Wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Wọlé ṣubú lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, gbogbo ilé pariwo. Ìyá nìkan ni kò pariwo. Ó nawọ́ láìwo ẹ̀gbẹ́, ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, kò sì fi sílẹ̀ mọ́ títí fíìmù fi parí. Wọlé jẹ́ kó dì í mú. Nígbà tí wọ́n gbé aṣọ tó kún fún erùpẹ̀ jáde, Ìyá fẹnu sí mi létí. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ oko ti hù, ó ti yọ ewé méjì. Mo bi í bóyá ìyẹn dára àbí kò dára. Ó ní òun náà ò mọ̀, òun ń bu omi sí i.

Orúkọ gbogbo wa kọjá lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìparí. Wọ́n kọ tèmi pé Rùkáyàt Rájí ló rán aṣọ, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mò ń retí kí tirẹ̀ náà kọjá. Kò sí níbẹ̀. Ìwé tésàn nìkan ló wà, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó mú aṣọ.

Nígbà tí a padà délé, mo mú ìṣáná. Ó ti pẹ́ tí mo ti pinnu rẹ̀: lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi fíìmù hàn ni n ó sun ìwé yìí, nítorí ìkeje wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù Inípẹ́kítọ̀ kò sì tíì tán lára mi. Mo ṣáná ọ̀kan. Mo ṣí ìwé láti wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì bá orúkọ náà pàdé lábẹ́ ọjọ́ kejìlélógún. Iná jó dé ìka mi, mo jù ú sílẹ̀.

Mo fi ìwé náà sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ àwọn oníbàárà. Dorcas Ọmọ́tọ́lá Mákindé ló wọ aṣọ náà kẹ́yìn.